Awọnlẹ̀ Èkó: Àgbéyẹ̀wò Ìṣèlú Herbert Macaulay

Ní ọdún 1920, Èkó gbé ẹjọ́ ilẹ̀ kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ni ẹjọ́ ni Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, mùsùlùmí, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdéjọ onífìlà funfun, tí ìdílé rẹ̀ ni ilẹ̀ Àpápá. Ẹni tó bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ ni Herbert Samuel Heelas Macaulay, ọmọ àlùfáà, ọmọ ọmọ bíṣọ́ọ̀bù, oníkóòtù, tí irun ètè rẹ̀ na apá sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èkó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba ti gba ilẹ̀ Àpápá, wọ́n sì ń sọ pé ohun tó tọ́ sí Olúwa kò tó nǹkan, torí Ọba Dòsùnmú ti fi Èkó lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́ láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Ohun tí Olúwa àti àwọn tó gbè é lẹ́yìn ń tẹnu mọ́ kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni tó dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó: ọba ló ni ìlú, Ìdéjọ ló ni ilẹ̀. Dòsùnmú kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ, ká má tilẹ̀ sọ ti ọkọ̀ ogun Prometheus tó dúró sí ọ̀sà lọ́jọ́ tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ ìwé náà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lé lórí, dá Olúwa láre. Viscount Haldane ló gbé ìdájọ́ kalẹ̀: kí ìjọba ìlú bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn kò sọ onílẹ̀ di aláìnílẹ̀. £22,500 ni owó ilẹ̀ tí Olúwa rí gbà. Ìdájọ́ yẹn kò sì tíì di ìwé àtijọ́. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga Ọsirélíà dá àwọn onílùú láre lórí ilẹ̀ baba wọn ní 1992, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Mabo, ẹjọ́ Amodu Tijani wà lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ilẹ̀ Àpápá rìn jìnnà.

Mo gbé ìtàn yìí ṣáájú nítorí ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn Macaulay kò tẹ́ mi lọ́rùn. A ó ní òun ni baba ìjà òmìnira Nàìjíríà, a ó tọ́ka sí àwòrán rẹ̀ lára náírà kan, ó parí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá afárá Carter kúrò ní erékùṣù Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sọ fún òyìnbó pé kó kẹ́rù rẹ̀ máa lọ; ohun tó ń sọ ni pé kó pa òfin ara rẹ̀ mọ́. Ó sì ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe di baba? Tèmi ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Kí Macaulay tó di òṣèlú, awọnlẹ̀ ni.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther, bàbá ìyá rẹ̀, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Òṣóògùn ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú omi, wọ́n gbé e lọ sí Sàró (Sierra Leone). Bàbá Herbert, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Nínú ilé báyìí, Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀tá. Òun ni olùgbàlà, òun ni olùkọ́, òun ló ń sanwó ilé ìwé. Owó ìjọba ni wọ́n fi rán Herbert lọ sí Plymouth ní 1890 láti kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìwọnlẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí tú iṣẹ́ bàbá àgbà rẹ̀ ká ní etí Odò Ọya, tí wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tó yàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Crowther kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì wà lókè òkun. Ẹni tó bá ń wá ibi tí àlàáfíà ìdílé yìí pẹ̀lú òyìnbó ti kọ́kọ́ sán, ibẹ̀ ni n bá ní kó yọjú sí.

Ó padà dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ ìjọba. Ọdún márùn-ún ló fi ń gbé ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ kiri Èkó. Ẹ wo ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi hàn èèyàn. Láti 1861 ni ìjọba ti ń pín ìwé ilẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè, bí ẹni pé ilẹ̀ náà kò ní olówó. Awọnlẹ̀ tó bá mú ìwé náà dé orí ilẹ̀ yóò bá pèrègún tí ẹbí kan fi pààlà, yóò bá arúgbó kan lábẹ́ òrùlé tó lè ka ìran mẹ́rin sí i létí. Ìwé ń sọ tirẹ̀, ilẹ̀ ń sọ tirẹ̀. Àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ àwọn tó ti Sàró padà wálé, mọ Èkó láti Mọrínà àti ilé ìjọsìn. Òun mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìnkùlé. Ní 1898, nígbà tí àárín òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gún mọ́, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó dá tirẹ̀ dúró: ó ń wọnlẹ̀, ó ń ya àwòrán ilé. Àwọn tí ìjọba ń bá fa ilẹ̀ wá mọ ilé ẹni tí wọ́n lè gbé ìwé wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ omi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀. Ní 1908, ìjọba ní òun fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, kí ará ìlú sì máa san owó rẹ̀. Ọmọ òde òní lè rò pé ta ló ń kọ omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kànga wà ní ọ̀pọ̀ agboolé, àwọn ènìyàn sì fura pé àwọn òyìnbó ni wọ́n ń fa omi náà fún, tí dúdú yóò sì máa sanwó rẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọ̀básá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti ta kò ó. Macaulay náà ń kọ̀wé. Lọ́dún yẹn kan náà ló tú àṣírí bí àwọn òyìnbó ṣe ń ná owó rélùwéè ní ìnákúnàá. Ẹ̀rọ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1915. Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ gba owó omi lóòótọ́ ní 1916, àwọn dókítà rọ̀. Ìlú kò rọ̀. Wọ́n ti ọjà pa. People's Union kò sì tún gbérí láàárín mẹ̀kúnnù mọ́ lẹ́yìn náà, ipò tí wọ́n fi sílẹ̀ ló kan Macaulay.

Owó omi yìí wọ mọ́sáláṣí pàápàá. Àwọn mùsùlùmí Èkó pín sí méjì: àwọn tó tẹ̀ lé lẹ́mọ́ọ̀mù àgbà, tí wọ́n ń pè ní Lẹ́mọ́ọ̀mù, àti ọ̀pọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní Jàmáà. Èṣùgbàyí Eléko, Ọba Èkó, wà lọ́dọ̀ Jàmáà. Macaulay náà gba ibẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí pé ó jẹ́ ìyanu jù nínú ayé rẹ̀ nìyí, ju ẹjọ́ èyíkéyìí lọ. Ọmọ ọmọ bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà, tó kàwé ní Plymouth, tó ń ta gòjé nínú ilé rẹ̀ tó pè ní Kirsten Hall, ló wá di agbẹnusọ fún àwọn mùsùlùmí Ìsàlẹ̀ Èkó, fún ilé Dòsùnmú, fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Ejò nígboro ni wọ́n ń pè é. Ejò tó bá wà nínú igbó, ọdẹ ni yóò máa ṣọ́ ọ. Èyí tó bá yọ sí ìgboro, kò sẹ́ni tí kò ní wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nínú àwọn ìyá ọlọ́jà, Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà ló gbajúmọ̀ jù. Ẹja ló ń tà. Kò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Wọ́n jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́: àwọn ìyá ń kó owó jọ, wọ́n ń kó èrò jọ, Macaulay ń bá wọn kọ̀wé sí gómìnà. Nígbà tí ìjọba ní obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún yóò san owó orí ní 1940, àwọn obìnrin Èkó tú síta lẹ́yìn Pẹ̀lẹ́wúrà, ìjọba sì gbé iye náà lọ sí £200. Mélòó nínú àwọn tó ń tajà lórí àtẹ ló ń rí £200? A lè sọ pé Macaulay ló kọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí ní ìṣèlú. Mo rò pé ìdàkejì rẹ̀ sún mọ́ òótọ́ jù: ọjà ti ní ètò tirẹ̀ kí òun tó dé, òun ló gbọ́n tó láti lọ jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká má fo ẹ̀wọ̀n náà. Ní 1913, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó ṣe owó ogún olóògbé kan tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́kumọ̀ku, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ló fẹ́ fi pa á lẹ́nu mọ́. Ìjọba kò sì fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn owó ogún kì í ṣe ẹ̀sùn ìṣèlú, mi ò sì ní sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ohun tó dájú ni pé ẹ̀wọ̀n yẹn ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọn títí ó fi kú: òfin kò gba ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ láyè láti du ìjókòó ní ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ìdí nìyẹn tí ọdún 1923 fi dùn ún rò. Gómìnà Hugh Clifford ti gbé òfin ìjọba tuntun jáde ní 1922. Ẹni 46 ni yóò wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, 27 nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Mẹ́rin péré ni ará ìlú yóò fi ìbò yàn, mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Kàlàbá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Òkè Ọya kò sí nínú rẹ̀ rárá. Gómìnà ni yóò máa fi àṣẹ ara rẹ̀ ṣòfin fún wọn. Ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Macaulay dá ẹgbẹ́ Nigerian National Democratic Party sílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ní ẹnu ará ìlú. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn mẹ́ta tí ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀, Dókítà C. C. Adéníyì-Jones, Egerton Shyngle àti Eric Moore, wọlé pátá. Wọ́n tún jáwé olúborí ní 1928 àti 1933.

Ẹ wò ó dáadáa. Olórí ẹgbẹ́ kò lè du ìbò. Àwọn ìyá ọlọ́jà kò lè dìbò. Ọ̀pọ̀ Jàmáà kò rí £100 lójú lọ́dún. Ibo wá ni agbára ẹgbẹ́ yìí ti wá? Akọ̀wé ọ́fíìsì tó ní £100, ìyá rẹ̀ wà lọ́jà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kírun pẹ̀lú Jàmáà, ilé tó ń gbé wà lórí ilẹ̀ ẹbí tí Macaulay ti bá wọn wọ̀n. Ṣé ó lè dìbò fún ẹlòmíràn kó sì padà sílé lọ jẹun àṣálẹ́? Òfin Clifford ka orí àwọn olówó; Macaulay ka agboolé.

Ọ̀rọ̀ Eléko ló gbà á lákòókò jù. Nígbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ, ìròyìn jáde níbẹ̀ pé Eléko ni ọba lórí mílíọ̀nù 17 ènìyàn Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba Èkó kò jọba lórí Ìbàdàn, áḿbọ̀sì Kánò. Ìjọba bínú, wọ́n ní kí Eléko rán agogo káàkiri ìlú láti sẹ́ Macaulay ní gbangba. Ọba kò rán agogo. Wọ́n gba owó oṣù rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́. Ní 1925, wọ́n yọ ọ́ lórí ìtẹ́, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n fi Ìbíkúnlé Akítóyè jọba, lẹ́yìn rẹ̀ Sànúsí Olúsì.

Nínú ìjà yìí ni ibi tí Macaulay kò ti dára wà. Henry Carr, ọmọ Èkó, ni dúdú àkọ́kọ́ tó di Rẹ́sídéǹtì Èkó, ipò tí òyìnbó kò fi ṣeré. Nítorí Carr kò fara mọ́ Eléko, Macaulay kọjú ìjà sí i, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1924, Henry Carr Must Go, kí Carr kúrò níbẹ̀. Ìwé náà kò fi ewé bo ahọ́n. Ẹni tó ń jà kí dúdú dé ipò gíga ń lé dúdú tó dé ibẹ̀. Ìwé ìròyìn tirẹ̀, Lagos Daily News, tí òun àti Dókítà J. A. Caulcrick rà ní 1927, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá alátakò sọ̀rọ̀. Ní 1928, wọ́n tẹ ìròyìn kan pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Eléko. Wọ́n fi ìyẹn rán Macaulay lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹni ọdún 64 ni lọ́dún yẹn.

Lọ́ńdọ̀nù ló tún parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹjọ́ Eléko dé Privy Council ní 1928, ó tún dé ibẹ̀ ní 1931. Lord Atkin sọ pé aláṣẹ kan kò lè fi ọwọ́ kan òmìnira ọmọ ìlú bí kò ṣe pé ó lè fi hàn ní ilé ẹjọ́ pé òfin gbà á láyè. Adájọ́ sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bí ó tilẹ̀ bí ìjọba nínú. Gómìnà Donald Cameron, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, rí i pé ó sàn kí ọ̀rọ̀ náà tán. Eléko padà sí ààfin rẹ̀, Ìgá Ìdúngànràn, lọ́dún yẹn. Ó wàjà ní 1932. Lord Atkin fúnra rẹ̀ tún padà sí ìdájọ́ yìí ní 1941, nígbà tí ogun ń jà, láti fi bá àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tì mọ́lé láìròjọ́. Ọba tí wọ́n lé lọ sí Ọ̀yọ́ di ohun tí wọ́n fi ń jà fún òmìnira Gẹ̀ẹ́sì nílé Gẹ̀ẹ́sì.

Gbogbo ìjà yìí ti wá sú àwọn ọ̀dọ́ nígbà náà. Ìjà ọba, ìjà lẹ́mọ́ọ̀mù, ìjà Carr: kí ló kan ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìgbò tó wá ṣiṣẹ́ ní Èkó? Ní 1934, lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga Yábàá tí wọ́n rí pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò ní níyì tó ti òkè òkun, Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akínsànyà àti H. O. Davies dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan sílẹ̀, tó wá di Nigerian Youth Movement ní 1936. Ní 1938, wọ́n na Dẹ́mọ̀ ní ilé Dẹ́mọ̀, gbogbo ìjókòó mẹ́ta Èkó bọ́ sí ọwọ́ wọn. Ẹ̀bi tí wọ́n dá Macaulay kò ṣòfo. Ẹgbẹ́ tó fi Nàìjíríà sórúkọ fún ọdún 15 kò gbin gbòǹgbò sí Ìbàdàn, áḿbọ̀sì Ẹnúgu. Ìmọ̀ tó jẹ́ kó mọ agboolé kọ̀ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò ṣeé gbé kọjá ọ̀sà, nítorí pé ẹni tí kò wọn ilẹ̀ ìlú kan kò lè mọ ibi tí pèrègún wọn wà.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ náà fọ́ ní 1941 lórí ẹni tí yóò lọ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, Akínsànyà tàbí Ikoli. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ sí Glover Memorial Hall ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1944 láti dá àjọ kan sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n fi ṣe ààrẹ àjọ náà, NCNC, ni Macaulay, bàbá tó kù díẹ̀ kó pé 80. Nnamdi Azikiwe ni akọ̀wé. Àwọn kan ní ọlá arúgbó ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lápá kan. Síbẹ̀, ta ló kù ní Èkó lọ́dún yẹn tí ọjà, mọ́sáláṣí àti ààfin lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà?

Ní 1945, Gómìnà Arthur Richards gbé òfin ìjọba tuntun wá láìbi ará ìlú léèrè, àwọn òfin mẹ́rin mìíràn sì tẹ̀ lé e. NCNC pinnu láti rin gbogbo Nàìjíríà já, kí wọ́n kó owó jọ, kí ìlú fọwọ́ sí i pé kí àwọn lọ bá ìjọba jà ní Lọ́ńdọ̀nù. Macaulay ní òun ń bá wọn lọ. Nínú òfin mẹ́rin tí wọ́n ń kà fún àwọn ènìyàn láti ìlú dé ìlú, ọ̀kan ní ìjọba lè gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ọ̀kan ní ti ilẹ̀ tí wọ́n pè ní ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní ti ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀, ọ̀kan ní ti bí gómìnà yóò ṣe máa yan ọba àti bí yóò ṣe máa yọ ọba. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá a rìn lè rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Ẹni tó gbé ẹjọ́ Àpápá lọ sí òkè òkun, tó sì dúró ti Eléko fún ọdún 11, ló ń kà á sétí àwọn ará ìlú tí ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ kò dé rí. Kánò ni àìsàn ti mú un. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1946, ẹni ọdún 81.